Ẹ Jẹ́ Kí Láfẹ́nwá Kọ́kọ́ Rí I

Bí mo bá parí ère irin kan, tí mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti jọ ohun tó yẹ kó jọ, gbọ̀ngàn ìpàtẹ kọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé e lọ. Inú kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mo máa ń gbé e sí, ó di Láfẹ́nwá, ní yáàdì àlòkù irin, lọ́dọ̀ àwọn tó ta irin rẹ̀ fún mi. Wọ́n á yí i po. Wọ́n á fi ọwọ́ gbá a kí wọ́n lè gbọ́ bó ṣe ń dún. Wọ́n á bi mí pé ta ló jó ibí yìí pọ̀, kí ló dé tí tọ̀hún fi wọ́ báyìí. Ní gbọ̀ngàn, "ó mà wuyì o, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ" ni wọ́n máa ń sọ, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì kọjá síbi tí wọ́n gbé ń pín ìpápánu. Kò burú, ọ̀rọ̀ dídùn dùn létí. Àmọ́ mi ò rántí ìgbà kan tí "ó wuyì" kọ́ mi ní nǹkan kan nípa irin.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi àlòkù irin ṣe ère ní Abẹ́òkúta: ṣéènì ọ̀kadà, bẹ́áríǹgì, ríìmù, síbí tó ti tẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ilé tí wọ́n ti wó. Mo ti ṣe ìpàtẹ, mo ti sọ̀rọ̀ níwájú ọmọ iléèwé àti níwájú àwọn olówó, mo ti bá àdúgbò ṣiṣẹ́, a sì ti bára wa fa ọ̀rọ̀ gidi lórí ẹ̀. Ohun tí gbogbo ẹ̀ fi yé mi ni pé àwọn tó mọ irin jù nílùú yìí kì í sí lára àwọn tí wọ́n ń fi káàdì pè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Àdátán tàbí Ọbáńtòkó á mọ àwọn ọmọkùnrin tó máa ń ti ọmọlanke kiri láàárọ̀, tí wọ́n á máa ké "Kọ̀ńdẹ́mù! Irin kọ̀ńdẹ́mù!" Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wá láti Òkè Ọya. Wọ́n á ra fáànù tó ti jó, wọ́n á ra ilẹ̀kùn firíìjì, wọ́n á ra ìkòkò tí ìdí rẹ̀ ti lu. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ẹ̀ á dé yáàdì, wọ́n á gbé e lé ìwọ̀n, ọ̀gá yáàdì á sì san owó kílò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń yà á sọ́tọ̀: irin lọ́tọ̀, irin bulọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì lọ́tọ̀, alumíníọ̀mù lọ́tọ̀, idẹ lọ́tọ̀, bàbà lọ́tọ̀. Bàbà ló lówó lórí jù, ìyẹn ni wọ́n ṣe máa ń jókòó ti wáyà láti bó ara rẹ̀. Bí irin bá kún trélà, ó di Ọ̀tà, ó di Ṣàgámù, ó di Ògijo, níbi tí iná tó gbóná ju 1,500 lọ lórí ìwọ̀n Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì ti ń yọ́ ọ di omi, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di ọ̀pá irin tí a fi ń kọ́lé. Fáànù tó fẹ́ atẹ́gùn sí ọ lára lánàá lè wà nínú dékìn ilé aládùúgbò rẹ lọ́dún tó ń bọ̀.

Nítorí náà, bí alága ètò bá dìde, tó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tó ní "ọkùnrin yìí ló ń sọ ìdọ̀tí di ọrọ̀," ẹ̀rín músẹ́ ni mo máa ń rín. Ìdọ̀tí wo? Irin yẹn ti lówó lórí kí n tó rí i. Ẹni tó tì í lórí ọmọlanke ti jẹ nínú ẹ̀, ọ̀gá yáàdì ti jẹ nínú ẹ̀. Èmi àti ilé ìyọ́rin la jọ ń du ú, ilé ìyọ́rin sì lówó jù mí lọ. Lásìkò tí kílò bá wọ́n, ère mi máa ń kéré sí i. Ẹnìkan kọ ọ́ nígbà kan pé mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú jinlẹ̀ lórí ohun kékeré. Mo kí i pé ó ṣeun.

Kì í sì í ṣe gbogbo irin ni mo ń rà. Irin rélùwéè àtijọ́ ló ń dán mi wò jù. Ọdún 1901 ni ojú irin tó gba ìlú yìí kọjá láti Èkó dé Ìbàdàn, irin tí wọ́n lò nígbà yẹn sì wúwo, ó dúdú, ìpẹtà rẹ̀ gan-an lẹ́wà. Ojú irin tuntun náà ti wà, wọ́n ṣí i ní gbangba ní oṣù kẹfà 2021, wọ́n sì sọ ibùdó rẹ̀ tó wà ní Láderin lórúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká. Bí ọmọkùnrin kan bá gbé ìdè ojú irin wá bá mi lálẹ́, yálà ti àtijọ́ ni tàbí ti tuntun, mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó fún un. Ọmọrí gọ́tà, òpó iná títì, bákan náà. Mi ò tún ń fọwọ́ kan bátìrì ọkọ̀. Òjé ló kún inú ẹ̀, òjé sì máa ń wọ ẹ̀jẹ̀ ọmọdé lọ, kó ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Àwọn ọmọ ń ṣeré nínú ọgbà mi.

Èyí tó tún wá le ni irin ọkọ̀ tó ní jàǹbá. Ní àkókò kan, mo ra ilẹ̀kùn mọ́tò kan tó rún wómúwómú, bó ṣe rún yẹn gan-an ló fà mí mọ́ra. Àgbà wẹ́dà kan tó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí mi wò ó, kò fọwọ́ kàn án, ó ní, "Ṣé ẹni tó wà nínú ẹ̀ jáde?" Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní kí n lọ béèrè kí n tó tan iná sí i. Ẹni tó ń bọ Ògún ni, òun náà ló ń darí wọn lọ́jọ́ tí àwọn wẹ́dà àti awakọ̀ bá ń bọ ọ́. Èmi ò bọ Ògún. Síbẹ̀ mo lọ béèrè, ìdáhùn tí mo gbọ́ kò dára, mo sì dá ilẹ̀kùn náà padà. Ohun tí mo rò ni pé ọmọ ẹni yẹn lè wá sí ìpàtẹ mi lọ́jọ́ kan, kó rí ilẹ̀kùn bàbá rẹ̀ lára ògiri, pẹ̀lú iye owó lábẹ́ ẹ̀.

Àwọn kan gbà pé ọ̀dọ̀ òyìnbó la ti kọ́ fífi irin ṣe ère. Ọ̀pá Ọ̀sanyìn ńkọ́? Irin gbọọrọ, ẹyẹ kan ní ténté, àwọn ẹyẹ kéékèèké yí i ká. Alágbẹ̀dẹ ló rọ ọ́. Aṣírù Ọlátúndé ti Òṣogbo, alágbẹ̀dẹ lòun náà kó tó máa lu alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ tí èèyàn, igi àti ẹranko fi ń yọ lójú ẹ̀. Olu Amoda, tó kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Yaba College of Technology, fi ìṣó àti àlòkù irin ṣiṣẹ́ títí tó fi wà lára àwọn tó pín ẹ̀bùn àgbà ìpàtẹ ọnà Dak'Art ní 2014. Ìdérí ìgò ọtí ni El Anatsui ní tiẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní Nsukka ní 1975, fi wáyà bàbà so pọ̀ bí aṣọ, àwọn tó ń ṣe ìpàtẹ ọnà Venice sì fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà wọn ní 2015 fún iṣẹ́ ayé rẹ̀. Mo máa ń dárúkọ àwọn wọ̀nyí fún àwọn ọ̀dọ́ tó bá rò pé mo ń ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí.

Àgbà alágbẹ̀dẹ kan wà lápá Ìtókò tí mo máa ń lọ kí. Mo gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá lọ́jọ́ kan pẹ̀lú síprìǹgì ọkọ̀ akẹ́rù lọ́wọ́. Ó ní, "Kí lo rà yẹn?" Mo ní, "Bàbá, síprìǹgì ni, mo fẹ́ fi ṣe ìrù ẹṣin." Ó gbà á, ó fi òòlù ta á lẹ́ẹ̀kan, ó fetí sí i, ó ní, "Àdá mẹ́rin nìyí. Àdá mẹ́rin lo fẹ́ so mọ́ ìdí ẹṣin tí kò ní rìn." Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mi ò rí èsì fọ̀, mi ò sì tíì rí i títí di òní. Irin tó yẹ kí wọ́n fi ro oko ni mo fẹ́ fi ṣe ọ̀ṣọ́. Mo fi síprìǹgì sílẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá, mo lọ fi ṣéènì ṣe ìrù ẹṣin. Nígbà tí mo padà débẹ̀, ó fún mi ní ọ̀kan nínú àwọn àdá náà, kò gba owó. Bóyá ó tilẹ̀ gbà mí sílẹ̀ ni, torí irin síprìǹgì le, bó bá yára tutù, ó máa ń sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti jó o gan-an.

Kí n wá sọ ti ẹtù. Mo ṣe ère ẹyẹ ẹtù kan fún ìpàtẹ tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ kan ṣe ní Kútọ̀, ní gbọ̀ngàn àṣà June 12. Ríìmù ọ̀kadà tí mo ká ni ara rẹ̀, wọ́ṣà kéékèèké ni mo jó káàkiri ara náà fún àwọn tó-tò-tó funfun ara ẹtù. Ó gba sùúrù, torí bí iná bá pọ̀ díẹ̀, wọ́ṣà á yọ́ dànù, bó bá kéré, á já bọ́ lọ́la. Kíìkì ọ̀kadà, èyí tí wọ́n máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó dáhùn, ni mo fi ṣe ọrùn.

Mo pe àwọn ará yáàdì àti àwọn mẹkáníìkì ọ̀kadà sí ìpàtẹ náà. Wọ́n wá, àmọ́ ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí, wọ́n ní bàtà àwọn dọ̀tí. Mo ní bàtà yín ló gbé irin yìí dé ibi, ẹ wọlé. Ọ̀kan nínú wọn lọ tààrà sí ìdí ẹtù, ó lóṣòó.

Ó ní, "Ọ̀gá, kíìkì Bajaj lẹ fi ṣe ọrùn ẹ̀."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bí ẹtù bá na ọrùn báyìí, ó fẹ́ sá ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ó fẹ́ sá."

Ó wo ìsàlẹ̀ díẹ̀. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ò tíì gbọ́."

Gbogbo àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Òótọ́ ló sọ. Orí ń sá, ẹsẹ̀ méjèèjì dúró gbagidi bí ti ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Lẹ́yìn ìpàtẹ náà, mo gé ẹsẹ̀ kúrò, mo fa ọ̀kan sẹ́yìn, mo tẹ ìka rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo tún un jó. Mi ò tíì rí ẹni tó ka ère bẹ́ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin yẹn ò wọ gbọ̀ngàn ìpàtẹ rí kó tó di ọjọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ kan náà, màmá kan tó múra dáadáa wo iye owó ẹtù, ó ní, "Ṣebí irin tí wọ́n kó dànù ni?" Mo ṣàlàyé owó kílò fún wọn, mo ṣàlàyé eletiróòdù géèjì 12 tí a fi ń jó irin, dísìkì ẹ̀rọ ìgérin tó ń jẹ bí iyọ̀, epo jẹnẹrétọ̀ tí iná ìjọba bá lọ, àti ọ̀sẹ̀ tí wọ́ṣà gbà. Wọ́n gbọ́, wọ́n kí mi kú iṣẹ́, wọn ò rà á. Ẹlòmíì ló rà á. Kí n má parọ́, gbọ̀ngàn ló ń bọ́ mi. Láfẹ́nwá kò ra ère kan lọ́wọ́ mi rí, wọn ò sì níbi tí wọ́n máa gbé e sí bí wọ́n bá rà á. Ẹni tó bá ní ká fi gbọ̀ngàn sílẹ̀ pátápátá, kó wá san owó iléèwé ọmọ mi.

Iléèwé ni mo fẹ́ràn láti sọ̀rọ̀ jù. Mo ti sọ̀rọ̀ nínú hòtẹ́ẹ̀lì rí, lórí pèpéle, àwa mẹ́rin pẹ̀lú omi ìgò níwájú wa, ẹni tó ń darí ètò ń bi wá nípa "ìran wa fún ọjọ́ iwájú." Ọ̀rọ̀ yẹn ò ní ọwọ́, kò ní ẹsẹ̀. Níléèwé, àpò irin ni mo máa ń gbé lọ. Mo máa ń dà á sórí tábìlì, mo máa ń ní kí wọ́n sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Nínú kíláàsì kan, ọmọkùnrin kan wà lẹ́yìn tí tíṣà ti kì mí nílọ̀ pé kì í dáhùn ìbéèrè. Bàbá ẹ̀ ń tún mọ́tò ṣe. Ọmọ yẹn dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n: púlọ́ọ̀gì, fáàfù, kọ́ńrọ́ọ̀dù, ríǹgì písítìnnì. Ó tilẹ̀ sọ pé fáàfù kan ti jó nítorí ẹ́ńjìnnì yẹn kò rí omi tó. Àwọn tó máa ń gba ipò kíní yíjú wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìlú mìíràn. Tíṣà náà yọ gíláàsì ojú.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ wọn, láìyẹ̀, ni "Ṣé ẹ lówó?" Lẹ́yìn ìyẹn ni gidi ń bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń sọ fún wọn nípa ojú: ẹni tó bá wo iná wẹ́dìn láìlo gíláàsì, òru ló máa mọ̀, tí ojú á máa ta á bíi pé iyanrìn wọ̀ ọ́. Mo máa ń sọ fún wọn nípa èéfín irin tí wọ́n fi síǹkì bò, tó lè mú ibà àti òtútù wá lálẹ́. Àwọn wẹ́dà wa gbà pé bí èèyàn bá ti mu mílíìkì, ó ti bọ́. Mo fẹ́ràn mílíìkì, inú tíì ló dáa sí. Ibòmú àti ibi tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ló ń gba èèyàn lọ́wọ́ èéfín.

Ọmọbìnrin kan bi mí bóyá obìnrin lè ṣe é. Mo sọ fún un nípa Sokari Douglas Camp, ọmọ Buguma, tó ti ń jó irin láti ọdún gbọọrọ. Ó ṣe bọ́ọ̀sì irin ńlá kan ní 2006 ní ìrántí Ken Saro-Wiwa, òǹkọ̀wé tí ìjọba ológun pa. Nígbà tí wọ́n gbé bọ́ọ̀sì náà dé èbúté Èkó ní 2015, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù gbẹ́sẹ̀ lé e. Ọmọ náà ní, "Kí ló gbé?" Mo ní kò gbé nǹkan kan, ère ni. Ó ní, "Kí wá ni wọ́n ń bẹ̀rù?" Mo ní kí ó mú ìbéèrè yẹn lọ bá tíṣà ìtàn.

Ní àdúgbò wa, CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ló ní kí n ṣe nǹkan sí oríta tí wọ́n ti ń wọ ọ̀nà wa. Mo gbé àwòrán wá sípàdé: ère ọkùnrin kan tó ru irin. Àlùfáà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ní Mùsùlùmí ò lè máa gba iwájú ère kọjá lọ kírun láàárọ̀. Pásítọ̀ ní òun kì í sábà gbà pẹ̀lú Àlùfáà, àmọ́ lórí èyí, òun gbà. Ìyá àgbà kan wá là á mọ́lẹ̀: "Ère irin, lóríta. Ògún àti Èṣù nígbà kan náà. Ẹ kúkú gbé epo pupa lọ síbẹ̀ kó pé." Kò sí bí mo ṣe lè gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Inú bí mi lálẹ́ ọjọ́ náà, mo rò pé wọn ò mọ nǹkan kan. Ní àárọ̀, mo kọjá ní oríta yẹn, mo rí àwọn obìnrin mẹ́ta tí wọ́n jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, tí wọ́n ń dúró de ọ̀kadà, pẹ̀lú ẹrù lórí itan.

Bẹ́ńṣì la wá ṣe. Àwọn ilé kọ̀ọ̀kan mú irin wá, wẹ́dà àdúgbò kọ́ àwọn ọmọdé tó ti dàgbà díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń di eletiróòdù mú. Fún ẹ̀yìn bẹ́ńṣì náà, mo fẹ́ to síbí sí i bíi ti àpẹẹrẹ adìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn dùn. Ìyá kan tó ń ta adìrẹ ní Ìtòkú ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní Ìbàdàn lè dùn, ṣùgbọ́n kó lọ dùn níbòmíràn, ọmọ Lísàbí ò ní fẹ̀yìn ti Ìbàdàn lójoojúmọ́. Ríìmù ló wá wọ ibẹ̀, wọ́n rí roboto bí òṣùpá. Ọkùnrin kan gbé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ Singer wá, ti ìyá rẹ̀ tó ti di olóògbé. Irin tí wọ́n dà nínú àpẹẹrẹ ni, eletiróòdù lásán kì í mú un dáadáa, ó máa ń sán. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì la fi dè é mọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ńṣì, kí n tó gbé e gba Láfẹ́nwá lọ sí oríta.

Lónìí, àwọn èèyàn ń jókòó síbẹ̀, oníbúrẹ́dì ń gbé àtẹ lé e, ẹnìkan fi igun kan sá aṣọ. Kò sí ẹni tó ń pè é ní iṣẹ́ ọnà.

Ní òjò tó kọjá, ẹsẹ̀ Singer pòórá. Ẹni tó jí i tú bóòtù rẹ̀ ní sùúrù, kò ba nǹkan mìíràn jẹ́. Kí n tó débi tí mo máa sọ fún ọmọ ìyá náà, fóònù mi dún. Ọ̀gá yáàdì kan ni, ní Láfẹ́nwá. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹsẹ̀ Singer kan wọlé láàárọ̀ yìí. Bẹ́ńṣì yín tí ẹ gbé wá síbí ló ti kúrò, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ibi tí ẹ lu fún bóòtù ni mo fi mọ̀ ọ́n." Mo wọ Márúwá, mo débẹ̀. Ó ti yọ ọ́ sọ́tọ̀, ó gbé e lé ìwọ̀n níwájú mi, ó ka kílò rẹ̀, ó dá owó lé e.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí wọ́n jí ni o."

Ó ní, "Mo mọ̀. Èmi náà rà á ni." Kò dín kọ́bọ̀. Bí mo ṣe ń kà á fún un, ó ní bí mo bá ti dì í padà tán, kí n jó orí nọ́ọ̀tì mọ́ bóòtù, torí àwọn yẹn kì í ṣe irin dídà, iná á mú wọn. Mo jó o bó ṣe wí. Akápò CDA ló kù, ó ní òun ò tíì mọ abẹ́ èwo ni òun máa kọ owó náà sí nínú ìwé.